Ilé Oúnjẹ Kóráà ní Wúsé 2: Oúnjẹ Dùn, Bíìlì Gbóná, Ọ̀rọ̀ sì Pọ̀ ní Kíṣìnnì

Ẹ̀yin ará Àbújá, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni oúnjẹ àwọn Kóráà tó wà lẹ́yìn Adetokunbo Ademola ní Wúsé 2 yẹn dùn tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Mo ti jẹun níbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ láti ọdún 2024, torí ọ́fíìsì wa ò jìnnà síbẹ̀, kí n má parọ́, àwọn wéétà wọn ti mọ orúkọ mi. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ ṣá, torí mo fẹ́ bú wọn díẹ̀ lórí bíìlì, mo sì tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ Kóráà, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ń pe àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà láyé ọjọ́un, torí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, coral lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń kiri tà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ẹ lọ sí Gbági àtijọ́ n'Íbàdàn, títì Lẹ́bánónì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó wà ní Kánò náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹlòmíì nínú wa. Nítorí náà ẹ má wò wọ́n bí àlejò tó dé lánàá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ẹ̀gbọ́n mi Alájì ló bá mi lọ. Ó wọ rélùwéè wá láti Kàdúná, mo lọ gbé e n'Ídù, ebi ti ń pa á débi pé kò dáhùn kíkí mi dáadáa. Bí a ṣe wọlé báyìí, ká tó jókòó, ojú ẹ̀ ti lọ sára ògiri. Ìwé hàláàlì wà níbẹ̀ nínú férémù, ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé hàláàlì yẹn gan-an, àwòrán bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, irùngbọ̀n funfun, ó fi aṣọ dúdú borí, ó dijú bí ẹni tó ń tògbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ni bàbá yìí. Wéétà wa, ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa tó ti ń rẹ́rìn-ín, ní "Ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ ọ̀gá wa ni."

Pásítọ̀ kẹ̀. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ gbọ́ "pásítọ̀", ó bá wá sídìí tábìlì wa. Ọkùnrin tó máa tó ọgọ́ta ọdún ni, Kánò ni wọ́n bí i sí, Háúsá ẹnu ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ, èmi tí mo dàgbà ní Kàdúná o. Ó ní Ṣábẹ́ẹ̀lì Mímọ́ ni wọ́n ń pe bàbá yẹn, Charbel tí wọ́n ń kọ, pé ajẹ́jẹ̀ẹ́ àdúrà kan ni tó gbé orí òkè ní Lẹ́bánónì, póòpù sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1977, ibojì ẹ̀ wà ní Annaya, àti pé kì í ṣe àwọn Kátólíìkì nìkan ló ń lọ síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí náà ń lọ, obìnrin tó ń wá ọmọ ń lọ, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀, ó ní "Àṣé bíi ti ibojì Bílíkísù Súngbọ́ l'Ókè-Ẹ̀rí ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ náà, torí ìdí tí ẹ fi ń kà á nìyẹn. Búrẹ́dì wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Pẹlẹbẹ ni, àmọ́ tó bá jáde nínú ààrò ó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹ ya á, oru á tú jáde, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tutù. Wọ́n á gbé hummus wá pẹ̀lú ẹ̀. Hummus yìí, irú ẹ̀wà roboto kan ni wọ́n sè, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n wá fi rídì lílọ̀ po ó, rídì kan náà táwọn Háúsá fi ń ṣe kàntù tí a ń rà nínú gósúlóò, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n da òróró ólífì lé e lórí. Ti ibẹ̀ yìí ò gbẹ lọ́nà ọ̀fun bíi tàwọn kan. Mo lè fi búrẹ́dì nù ún títí abọ́ á fi dán.

Adìyẹ tí wọ́n gún mọ́ irin tí wọ́n yan lórí èédú, èyí tí wọ́n ń pè ní shish tawook, òun ni mo máa ń jẹ jù. Ó rọ̀. Wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú yógọ̀tì àti aáyù mọ́jú, ni kò fi gbẹ bíi súyà adìyẹ tàwọn kan tó jẹ́ pé ẹ ó máa fa ẹran bíi rọ́bà. Aáyù tí wọ́n lù títí tó fi funfun bíi ìfófó ọṣẹ náà máa ń bá a wá, ó dùn kọjá sísọ, àmọ́ ẹ má jẹ ẹ́ tí ẹ bá ní mítìn. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́, ó wọ rélùwéè padà, ó ní ẹni tó jókòó tì í kúrò níbẹ̀.

Ewé gígé tí wọ́n ń pè ní tabbouleh, mi ò ní purọ́, kò wọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé wọ́n rò pé ewúrẹ́ la jẹ́ ni. Kibbeh wọn dáa, àlìkámà ni wọ́n fi wé ẹran, wọ́n dín in, ó dà bí àkàrà tó wọ ẹ̀wù. Àmọ́ ata, ata ò sí nínú nǹkan kan. Ẹ má wulẹ̀ béèrè, tí ẹ bá béèrè wọ́n á gbé kẹ́ṣọ́ọ̀bù aláta inú ìgò wá, tó ń dùn bíi ṣúgà.

Bíìlì wá dé. Èèyàn méjì, a jẹ ẹran yíyan alápòpọ̀, hummus, búrẹ́dì, kibbeh mẹ́rin àti júùsì ọsàn, ₦61,000 ló wà nínú mẹ́nù, wọ́n wá fi VAT 7.5% lé e, mo gbà, ti ìjọba nìyẹn, wọ́n tún fi owó iṣẹ́ wéétà 10% lé e tí wọn ò kọ síbì kankan nínú mẹ́nù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ìwé. Mo yí ìwé, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. POS ò tún ní nẹ́tíwọọ̀kì, mo ṣe tránsífà, wọ́n ní ká jókòó títí wọ́n á fi rí álààtì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn ò dáa rárá, ẹ ẹ̀ lè ti èèyàn mọ́lé torí pé báǹkì yín ń sùn.

Ó tún mú mi padà síbẹ̀ ṣá. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ mú mi padà, ìgbà tó yá ó wá di ti àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí kíṣìnnì ẹ̀ ṣe rí. Ọ̀gá, ọmọ Maronite ni, àwọn Kátólíìkì tiwọn nìyẹn. Kúùkù àgbà, Mùsùlùmí Ṣíà ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Tírè, Tírè àti Sídónì tí a ń kà nínú Bíbélì yẹn náà ni o, ó ti lo bí ọdún mẹ́wàá ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń gé ẹran, ọmọ Kàtsínà ni, Mùsùlùmí Súńnì. Obìnrin tó ń gbowó, ọmọ Ọ̀wẹ̀rì, Kátólíìkì. Àti ọmọ Ìṣẹ́yìn wa yẹn, tí bàbá ẹ̀ ń kírun, tí òun ń lọ Ṣẹ̀lẹ́. Kúùkù àti ọmọ Kàtsínà ń kírun lẹ́yìn fírísà, àmọ́ wọn kì í kí i pa pọ̀. Kúùkù máa ń fi iwájú orí kan òkúta amọ̀ kékeré kan, ọmọ Kàtsínà ò fẹ́ rí i, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ Ṣíà ṣe rí ní àríwá ńbí, láti Oṣù Kejìlá 2015 tí àwọn ṣọ́jà pa ọ̀pọ̀ Ṣíà ní ìlú Sàríà yẹn. Wọn kì í jà. Ẹnì kan á kírun tán, á ká ẹní, ìkejì á tẹ́ tiẹ̀. Iná kan náà ni wọ́n jọ ń fẹ́.

Ní September 2024, mo débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù ti di ìròyìn Lẹ́bánónì, ilé ń wó lulẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ rántí, oṣù yẹn ni péjà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba ìsọfúnni, bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù lápò àwọn èèyàn, ọjọ́ kẹtàdínlógún, lọ́jọ́ kejì ó kan wọkí-tọkí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlélógún, ọkọ̀ òfurufú Ísírẹ́lì ju bọ́ǹbù káàkiri gúúsù àti Bekaa, àfonífojì kan ní ìlà oòrùn wọn, èèyàn bí 500 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan, nínú orílẹ̀-èdè tí kò tó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Èkìtì pa pọ̀ ní ilẹ̀, ó kéré gan-an ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Ṣíà, torí gúúsù ni ìjà wà. Ibo ni wọ́n sá lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Ṣíà náà ni. Abúlé Kírísítẹ́nì, orí òkè àwọn Druze, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn kékeré kan níbẹ̀, ìlú àwọn Súńnì. Wọ́n ṣí ilé ìwé ìjọba, wọ́n tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí kíláàsì.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kúùkù wà nínú àwọn tó sá. Ó kó ọmọ mẹ́rin sínú mọ́tò pẹ̀lú ìyá ọkọ ẹ̀, títì di pa, ìrìnàjò tí kì í tó wákàtí méjì, wọ́n lò tó wákàtí mẹ́tàlá lórí ẹ̀. Kúùkù ń yan ẹran, fóònù wà létí ẹ̀. Ọ̀gá ló sọ fún un pé kó ní kí wọ́n máa lọ sí abúlé tòun lókè ní àríwá, pé àbúrò òun ní ilé ìsàlẹ̀ tó ṣófo. Ó pè é níwájú mi. Lárúbáwá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo kàn rí i pé nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kúùkù fi ọwọ́ tó kún fún òróró di orí ọ̀gá mú, ó fẹnu kò ó lórí.

Ẹ wò ó, tí mo bá parí ẹ̀ síbẹ̀, ẹ ẹ́ máa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kò parí síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn, wọ́n pa Nasrallah, olórí Hezbollah, ẹgbẹ́ Ṣíà tó ń gbé ìbọn jà pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Fún kúùkù, ó dà bí pé bàbá ẹ̀ ló kú. Kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ló wọlé lọ dáná fúnra ẹ̀, ẹran jóná, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò dín owó. Ọ̀gá, gbogbo ayé ẹ̀ ni kò fi fẹ́ ọ̀rọ̀ Hezbollah, ó ní ta ló bi òun léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí Ísírẹ́lì ní October 2023, ta ló bi abúlé òun, pé àwọn kan fa ogun, gbogbo ilé ló ń san án. Kúùkù náà ní tí kì í bá ṣe àwọn yẹn, ta ni ì bá gbèjà abúlé tòun, ṣé ṣọ́jà ìjọba tí kò ní ìbọn tó dáa ni. Nígbà tó padà síṣẹ́, ọ̀gá kí i kú àfẹ́kù, ó dáhùn, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ̀fọ̀, ẹnì kan ò ṣọ̀fọ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju "ṣáwámà méjì, adìyẹ kan" lọ.

Ẹ jẹ́ n tètè ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá, kò gùn. Ẹ̀sìn àti ìjọ méjìdínlógún ni ìjọba wọn fọwọ́ sí. Láti 1943 ni wọ́n ti pín in pé Maronite ló máa jẹ́ ààrẹ, Súńnì á jẹ́ olórí ìjọba, Ṣíà á jẹ́ olórí ilé aṣòfin. Wọ́n jagun abẹ́lé láti 1975 títí di 1990, nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn láti parí ẹ̀ ní Taif, ìlú kan ní Saudi Arabia, ní 1989, wọ́n ní kí ìjókòó ilé aṣòfin di ìdajì Kírísítẹ́nì, ìdajì Mùsùlùmí, òun ló di 128 báyìí. Láti 1932 wọn ò ka èèyàn mọ́ ní ìlànà ẹ̀sìn, torí ẹni tó bá kà á, àfàìmọ̀ kó má da gbogbo pínpín yẹn rú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwa náà tí a ka èèyàn ní 2006, ṣé wọ́n bi yín ní ẹ̀sìn yín?

October wá dé. Ọjọ́ kẹrìnlá, bọ́ǹbù bọ́ sí abúlé Kírísítẹ́nì kan ní àríwá tí wọ́n ń pè ní Aitou, ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ogun lè dé. Ilé kan ni, àwọn Ṣíà tó sá wá láti gúúsù ni wọ́n yá a, ó lé ní ogún èèyàn tó kú sínú ẹ̀, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ibi. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kórìíra ara wọn, ohun tí gbogbo wọn ń bi ara wọn ni pé ta ló wà nílé yín, ọkọ obìnrin yẹn ń kọ́, iṣẹ́ kí ló ń ṣe, ṣé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣé kò ní fa bọ́ǹbù wá bá wa.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ọ̀gá lọ bá àbúrò ẹ̀. Wọn ò gbé igi, wọn ò pariwo, wọ́n jókòó, wọ́n mu kọfí ẹ̀, wọ́n ní kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ fún àwọn, kó sì sọ fún ọkọ obìnrin yẹn kó má wá kí ìyàwó ẹ̀ mọ́. Ó kọ orúkọ wọn fún wọn. Ẹ̀gbọ́n kúùkù gbọ́. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé òun, ó kó ọmọ ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìwé kan ní Trípólì, Trípólì tiwọn o, kì í ṣe ti Líbíà, ìlú Súńnì, níbi tó jẹ́ pé ogun Síríà ti da àárín àwọn àti Ṣíà rú látọjọ́ pípẹ́. Àwọn Súńnì yẹn ló gbà á. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ó ń ti ife kọfí síwájú, sẹ́yìn, kò mu ún. Ó ní ojú ń ti òun láti wọ kíṣìnnì òun. Ó ní kúùkù ò bú òun, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní bó bá jẹ́ òun ló nílé, tí ọmọ òun sì ń sùn lókè, òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Mi ò lè dá a lóhùn, torí mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ta ló wà nílé yín. Kàdúná, February 2000, ìjà lórí òfin ṣàríà. Túdùn Wádà là ń gbé. Bàbá wa, ọmọ Ọ̀fà, alásàlátù tí kì í pa wákàtí kankan jẹ. Ìyá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi, ẹ mọ̀ pé kò síbi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò ta ọjà dé ní àríwá yìí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé bàbá lọ mọ́ṣáláṣí, èmi tẹ̀lé ìyá, kò sẹ́ni tó rí i bíi nǹkan bàbàrà. Nígbà tí nǹkan gbóná, Háúsá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé wa gbé àga síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa òru méjì, ó ní nílé yìí, Mùsùlùmí ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ìdajì òótọ́ ni. Ọlọ́run á gba ọwọ́ ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin kan náà yẹn ló wá bá bàbá wa, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ti ń béèrè nípa ìyá àwọn ọmọ, òun ò lè jókòó lójoojúmọ́. A kó lọ sí Sábọ̀n Táṣà lódì kejì odò. Ibẹ̀ náà, ọjọ́ kẹta, wọ́n bi ìyá wa pé bàbá onírùngbọ̀n tó wá lálẹ́ yẹn, ta ni. Báyìí ni bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé apá kan odò, èmi àti ìyá mi gbé apá kejì, oṣù mẹ́rin, nínú ìlú kan ṣoṣo. Kò sì sí ọkọ̀ òfurufú kankan tó ń ju bọ́ǹbù sí wa lórí o. Àwa ara wa náà ni.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé, ẹni tó bá jókòó sí Àbújá tó ń sọ pé àwọn ará Lẹ́bánónì ò fẹ́ràn ara wọn, ẹ ní kó lọ jókòó. Mo gbé wọn ga ju Kàdúná wa lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lábẹ́ bọ́ǹbù. Pé àwọn kan tún tì í, mo mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìdáwọ́ ìjà dúró bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n November 2024, bọ́ǹbù ò sì tán pátápátá lẹ́yìn ẹ̀, gúúsù ṣì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. January 2025 wọ́n wá yan Joseph Aoun, ọ̀gá ṣọ́jà, sípò ààrẹ tó ti ṣófo ju ọdún méjì lọ. Ọjọ́ yẹn ọ̀gá pín bàkìláfà fún gbogbo tábìlì lọ́fẹ̀ẹ́, èmi nìkan jẹ mẹ́fà, ó dùn bí oyin, ó tún ní ẹ̀pà aláwọ̀ ewé nínú. Kúùkù náà jẹ. Ṣé ó dùn mọ́ ọn ni àbí kò dùn mọ́ ọn, mi ò mọ̀, ó jẹ méjì ṣá.

Nígbà tí Póòpù Leo lọ sí Lẹ́bánónì ní ìparí November sí ìbẹ̀rẹ̀ December 2025, gbogbo wa wò ó nílé oúnjẹ yẹn, tó lọ gbàdúrà ní ibojì Ṣábẹ́ẹ̀lì ní Annaya. Mo ya fọ́tò tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí Wasáàpù. Ó dáhùn pé "Bàbá tó dijú yẹn nìyẹn, àbí?" Ó tún ní ṣé wọ́n ti dín owó kibbeh.

Wọn ò dín in. Wọ́n ti fi kún un. Ṣáwámà tó jẹ́ ₦6,500 ti di ₦8,000. Éákọńdíṣọ́nnà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń kán omi, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́, ìyẹn gbà mí lọ́kàn, ọṣẹ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, kẹ́tù fún alùwàlá náà wà níbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò ju mọ́tò márùn-ún lọ, ẹ fi Bolt lọ. Owó iṣẹ́ 10% yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sí iwájú mẹ́nù báyìí, mo fẹ́ gbà pé ariwo mi ló ṣe é.

Oṣù tó kọjá mo mú Màmá lọ. Màmá ti lé ní àádọ́rin, ó wá ṣe ojú ní Àbújá, ó ní òun ò fẹ́ jẹ nǹkan òyìnbó, mo ní kì í ṣe ti òyìnbó, ti Kóráà ni, ojú ẹ̀ là, ó ní àwọn Kóráà tó ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tóun wà lọ́mọdé ń kọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ kúùkù fún un nínú mọ́tò. Nígbà tí kúùkù jáde wá kí wa, Màmá fi Háúsá bi í pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kọ́. Ó ní ó ti padà sí abúlé, àmọ́ ilé ò ní òrùlé, yàrá kan ló kù tí wọ́n ń sùn sí. Màmá ní ọmọ mélòó. Ó ní mẹ́rin. Màmá di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò sọ pé Ọlọ́run á ṣe é, kò sọ nǹkan kan, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ọ̀rọ̀ fi fẹ́ di ẹkún, ọ̀gá wo wa láti ìdí kọ́ńtà, ó yí ojú sí ibòmíì.

Adìyẹ dé. Màmá tọ́ ọ wò, ó ní ó rọ̀, ó ní kò ní ata. Ó ṣí báàgì ẹ̀, ó yọ ike ata gígún tó gbé wá láti Kàdúná, ó wọ́n ọn sí i lórí níwájú kúùkù. Ojú tì mí, mo fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Kúùkù na ọwọ́, ó ní kí Màmá fún òun náà, ó fi búrẹ́dì tọ́ ọ, omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ń wúkọ́, ọmọ Kàtsínà sáré gbé omi jáde láti kíṣìnnì.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ata dání.